Ẹrù Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Pín

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Kùmásì. Gbogbo ẹni tó wá síbí ló rin ọ̀nà kan náà, kò sí ẹni tó fò wá. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni ohun tí mo ṣe nígbà tó ku ọ̀la kí n kúrò ní Ìwó, nítorí òun ló jẹ mí níyà, ọ̀nà kò jẹ mí níyà tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbolé wa, ara mi le, ojú mi mọ́lẹ̀ kedere, mo sì ń fi ẹnu ara mi pín ẹrù mi bí ẹni tó ń kú lọ.

Àlùfáà àdúgbò wa ló ní kí n ṣe é. Wọ́n ní mùsùlùmí òdodo kì í tẹ ọ̀nà jíjìn láìṣe wàsíyà, pé kó sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí, ta ni kó mú kí ni, bí Ọlọ́run bá pè é ní ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi. Opó ni mí nígbà náà, mi ò tíì dàgbà púpọ̀, ọkọ mi tó kú kì í sì í ṣe ará Ìwó. Ahunṣọ ni, ọ̀nà Ìlọrin ló ti wá, kò ní ẹbí kankan lọ́dọ̀ wa. Mo ti gbọ́ pé àwọn obìnrin tó lọ sí Gọ́ọ̀lù Kóòsì ń rí ṣe, mo sì fẹ́ lọ rí ṣe tèmi. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n.

Ni mo bá ń ka ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfì tí mo fi ń hun kíjìpá, kí ẹ̀gbọ́n mi mú un. Àpótí igi tó ní kọ́kọ́rọ́, kí Lásísì àbúrò mi gbé e. Kíjìpá mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n pín in fún àwọn ìyàwó ilé. Ọlọ àti ọmọ ọlọ, ìyàwó Baálé. Ìkòkò aró méjèèjì, ẹni tó bá lè lò ó kó gbé e. Mi ò gbàgbé igbá, mi ò gbàgbé ẹní. Àwọn tó jókòó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé mo lówó tó báyìí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Sáfú ọmọ mi sùn lórí itan mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn obìnrin tí mo fẹ́ bá lọ ti sọ fún mi pé bí mo bá gbé ọmọ wẹ́wẹ́ dání, ojú ọ̀nà ni màá sin ín sí.

Mo ní, "Sáfú, kí ẹ̀gbọ́n mi mú un."

Bí mo ṣe sọ ti òfì ni mo ṣe sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ti kúrò nílé ọkọ padà wá sí agbolé wa lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọn ò rí ọmọ bí. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé ọmọ náà kúrò lórí itan mi, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo ní ọmọ náà kò ní tíì pààrọ̀ eyín tí màá fi dé. Ẹyin lohùn o. Èyí tí mo jù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń ṣa èèpo rẹ̀ dòní.

Nígbà tí mo dé Kùmásì, ìkúnlẹ̀ ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ìyá náà wo mí, wọ́n wo ilẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tú erùpẹ̀. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn dúró tì wá, wọ́n ń bá wa wá a. Mi ò gbọ́ èdè wọn, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ pé kò sí ohun tó sọnù, ni èmi náà bá ń bá wọn wá a. Àwọn obìnrin tí a jọ lọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan gbáko.

Aláta ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tó wá láti ilé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò ta ata rí láyé mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gún mọ́ ẹ̀gẹ́, wọ́n ní oúnjẹ gidi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e mì bí ẹni ń gbé àgúnmu mì. Iyán Ìwó, iṣu tuntun tí wọ́n gbé wá láti Ilé-Ogbó, tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí ni lójú, mo ń rí i lójú àlá, màá sì jí pẹ̀lú itọ́ lẹ́nu. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò kúrò nílé rí ló rò pé ilé nìkan ni àárò rẹ̀ ń sọ ni.

Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló gbà mí síṣẹ́. Orí mi ni mo fi ń bá a ru iyọ̀ àti abọ́ tánganran lọ sí àwọn abúlé, òun á máa rìn níwájú, èmi á máa tẹ̀ lé e. Ọrùn mi wọlé. Ahunṣọ ni mí o, ọmọ ahunṣọ, ìyàwó ahunṣọ, kò sí ẹni tó gbé ẹrù rù mí rí nílé àfi kíjìpá tí mo hun fúnra mi. Ní Ṣọ́ńgò, àdúgbò àwọn àlejò, obìnrin mẹ́fà la wà nínú yàrá kan. Màá ká aṣọ kan, màá gbé e sí ikùn mi níbi tí Sáfú máa ń sùn sí. Ọ̀kan nínú wọn rí mi lọ́jọ́ kan, ó bi mí ohun tí mo ń ṣe. Mo purọ́ fún un pé inú ló ń run mí.

Bàbá Ràbíù ni ojú mi àti etí mi nílé. Oníṣòwò obì ni wọ́n, ará Ìwó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń wá sí Kùmásì. Ẹnu wọn ni mo fi ń ránṣẹ́, ẹnu wọn náà ni mo fi ń gba èsì. Màá jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, wọn á máa jẹ obì, wọn á máa rò ó fún mi díẹ̀díẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ kán wọn lójú. Sáfú ti gbó ẹnu. Ìgbóná mú Sáfú, ara rẹ̀ sì ti yá. Sáfú ti ń ran òwú. Abọ́ tánganran kékeré olódòdó tí mo fi rán wọn, Sáfú kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fi jẹun. Ọdún kẹrin, wọ́n jẹ obì tiwọn tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní Sáfú ti pààrọ̀ eyín.

Wọn ò fi bú mi. Èmi ni mo fi bú ara mi. Mo ní ọdún tó ń bọ̀ ni màá lọ, nítorí mo ń fẹ́ kí n kọ́kọ́ ní ìsọ̀ tèmi. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òfo wọ Ìwó lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kí ni yóò sọ fún àwọn tó dágbére fún? Ohun tí gbogbo wa ń sọ níbí nìyẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, bẹ́ẹ̀ là ń wí, a ó sì tún tú ẹrù palẹ̀.

Nígbà tó yá, mo kúrò ní Ṣọ́ńgò, mo gba yàrá lọ́dọ̀ ọmọ ìlú kan. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àkósúà, òun ló kọ́ mi lédè wọn. Ọkọ náà kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ arábìnrin rẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù: àga, awo idẹ, aṣọ, fìtílà, ìbọn. Àkósúà àti ọmọ mẹ́rin tó bí fún ọkùnrin náà dúró lójúde pẹ̀lú ẹní wọn. Mo rò pé olè ni, mo fẹ́ pariwo. Àkósúà dá mi lẹ́kun, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọmọ kò jogún baba níbí, ọmọ arábìnrin ló ń jogún.

Ẹ wá wo bí mo ṣe ń fẹnu ràdàràdà. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀ nílùú wa láéláé. Mo ní lọ́dọ̀ wa, bí ìyá bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ni ẹrù rẹ̀. Bí ẹni kan bá lọ sí ìdálẹ̀, ẹbí rẹ̀ á tọ́jú tirẹ̀ dè é títí yóò fi dé. Àkósúà wò mí, ó ní ó dáa. Kò sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá mú un lọ, òun àti àwọn ọmọ, wọ́n sì ní ilé tí wọ́n lọ. Mo káàánú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá rántí àánú yẹn báyìí, ara mi a máa bù máṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn dé, èyí tí àwọn ará ilé pè ní lúkúlúkú, tí ń pa èèyàn bí ẹní pa adìyẹ. Nínú obìnrin mẹ́fà tó wà nínú yàrá wa àkọ́kọ́, mẹ́ta lọ. Bàbá Ràbíù dé sí Ṣọ́ńgò ní àárín rẹ̀, wọn ò sì padà. Èmi náà dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án, irun mi re. Nígbà tí mo dìde, kò sí ẹni tí mo lè rán mọ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò wá ẹlòmíràn. Mo wá. Mo rán ẹni méjì tó ń lọ sí ọ̀nà ilé, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n débẹ̀. Lẹ́yìn wọn, mi ò rán ẹnikẹ́ni mọ́. Ìsọ̀ mi ti ń gbèrò nígbà náà. Mo ń ta kíjìpá àti ìlẹ̀kẹ̀, àwọn obìnrin ìlú ti mọ̀ mí, wọ́n ń bá mi ná an tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan kọ́kọ́ bú mi tí mo fi èdè rẹ̀ bú u padà, tí àwọn tó wà ní tòsí sì rẹ́rìn-ín rẹ̀ dípò tèmi, mo ra ẹran jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó jẹ oyè. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn, nítorí irọ́ ni bí mo bá ní ẹkún ni mo sun fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ilé wà níbẹ̀, ilé kò lọ ibì kan.

Ó tó ọdún kọkànlá tí mo kúrò nílé kí Ìyá Jímọ̀ tó dé. Agbolé wọn kọjú sí tiwa ní Ìwó, ojú kan náà la jọ ń rí láàárọ̀. Mo ń tú aṣọ sílẹ̀ fún oníbàárà lọ́jà nígbà tí mo gbójú sókè tí mo rí wọn, wọ́n gbé igbá lérí, wọ́n ń wo òréré. Mo pe orúkọ wọn. Wọ́n yíjú. Igbá náà já bọ́, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀, Ìyá Jímọ̀ tó sanra tó yẹn sì sá, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run bí wọ́n ti ń lọ.

Akúdàáyà ni wọ́n pè mí. Ẹ mọ ohun tí à ń sọ nípa ẹni tó kú láìpọjọ́, pé yóò lọ gbé ìlú mìíràn, yóò máa tajà, yóò máa lọ́kọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i, tí yóò sì pòórá. Èmi kò pòórá. Mo sá tẹ̀ lé wọn. Gbogbo ọjà ń wo Aláta méjì tí ń lé ara wọn kiri. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti há wọn mọ́, mo gba ọwọ́ wọn, mo fi lé ọrùn mi kí wọ́n gbọ́ bí iṣan ibẹ̀ ti ń lù, mo ní kí wọ́n já mi léèékánná bí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n já mi. Nígbà tí mo ké ni wọ́n tó jókòó sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹkún wọn kò dá kí wọ́n tó rò ó fún mi. Ẹni kan ti lọ sọ nílé pé gbogbo ará Ìwó tó wà ní Kùmásì ni lúkúlúkú kó lọ. Wọ́n dúró ọdún kan, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wá ṣe fìdáù mi. Ìyá Jímọ̀ ní wọ́n ṣe é dáadáa, pé àgbò tí wọ́n pa tóbi, ẹran kárí. Mo ní mo dúpẹ́. Lẹ́yìn àdúrà ni Baálé pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ, wọ́n rántí wàsíyà mi láìyọ ọ̀kan, wọ́n sì ṣe é bí mo ti sọ ọ́. Àpótí lọ sọ́dọ̀ Lásísì. Kíjìpá kárí àwọn ìyàwó ilé. Ọlọ lọ, ìkòkò lọ, ẹní lọ.

Mo bi wọ́n pé Sáfú ńkọ́.

Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi náà ló wà, ó sì ti dàgbà, ó ń hun aṣọ. Wọ́n tún fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n pa á mọ́ ẹnu. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní, "Wọn ò sọ fún un pé ẹlòmíràn ló bí i. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi òkú ṣe lára ọmọ?"

Mo ní kí àlùfáà kan ní Ṣọ́ńgò bá mi kọ ìwé sílé. Mo sọ pé mo wà láàyè, pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́, pé kí wọ́n sọ fún ọmọ mi. Ó tó oṣù márùn-ún kí èsì tó dé. Baálé ló rán an, kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n ní bó bá ṣe èmi ni, àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ní bó bá sì jẹ́ pé èmi kọ́, kí ẹni tó kọ̀wé náà sinmi níbi tó wà, kó má yà sílé. Wọn ò dárúkọ Sáfú rárá.

Ẹ rò ó wò. Ní Kùmásì àlejò ni mí, ní Ìwó òkú ni mí. Ẹ̀gbẹ́ wo ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi lélẹ̀? Àwọn tó wà lẹ́nu ọjà pẹ̀lú mi ń sọ pé ilé ni ilé ń jẹ́, mo sì ń wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Ilé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èèyàn ló ń gbé inú ilé, èèyàn sì ní láti jẹun lónìí, kó gbé ẹni tó bá ń sunkún lónìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú sì bí mi bákan náà. Mo ti ìsọ̀ mi, mo lọ.

Ọ̀sán gangan ni mo wọ agbolé wa. Àwọn obìnrin sá wọlé. Lásísì àbúrò mi gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Baálé nìkan ló jókòó, ẹsẹ̀ wọn kò gbé eré mọ́. Wọ́n ní kí n dúró níbi tí mo wà, wọ́n ránṣẹ́ pe àlùfáà, ẹni kan náà tó ní kí n ṣe wàsíyà níjọ́sí, irùngbọ̀n wọn ti funfun. Àlùfáà bu omi fún mi, mo mu ún. Wọ́n wo òjìji mi nílẹ̀. Wọ́n wá ní bí èmi bá ni, kí n sọ ohun tí mo sọ níwájú wọn lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí n lọ. Mo kà á fún wọn láti orí òfì dé orí ẹní, mi ò fo ọ̀kan. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn èèyàn, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi jáde kẹ́yìn. Wọ́n ti rù. Wọ́n dì mọ́ mi.

Ọmọ kò sí nílé, ó lọ sí Olúpọ̀nnà lọ ra òwú. Mo ní kó tó dé, kí wọ́n kó ẹrù mi fún mi.

Baálé ní ogún tí a ti pín, a ti pín in. Lásísì ní òun ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì, pé ta ni yóò san ìyẹn. Mo là á fún wọn pé mi ò kú. Ariwo ta. Àlùfáà ló pa á, wọ́n ní wàsíyà alààyè kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ikú nìkan ló ń mú un ṣẹ, kí olúkúlùkù dá ohun tó mú padà. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá. Mo jókòó bí ayaba, mo ń nàka: ó ku ìdérí, ó ku ọmọ ọlọ, kíjìpá yẹn kì í ṣe tèmi, lọ mú tèmi wá. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ikán ti jẹ ìdí àpótí. Wọ́n ti fa kíjìpá kan ya, wọ́n fi ń pọn ọmọ. Ìkòkò aró kan ti fọ́, ewúrẹ́ ń mu omi nínú èkejì. Ẹrù tí mo torí rẹ̀ pa ìsọ̀ tì nìyẹn, kò tó ohun tí mo ń tà ní Kùmásì lọ́jọ́ ọjà kan. Mo sì ń kà á.

Àlùfáà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ọmọ kì í ṣe ẹrù, a kì í há ọmọ, ìyá tó bí i ti dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mi ò bá a jà. Ó ní kí n mú un, mo mú un. Bí ọmọ bá dé, kó máa mú un lọ."

Ẹnìkan kígbe lójúde, aládùúgbò tó fẹ́ yá igbá, ó ní, "Ìyá Sáfú!" Àwa méjèèjì la dáhùn. Obìnrin náà yọjú wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ló sì kọjú sí. Ó gba igbá lọ́wọ́ wọn, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Sáfú dé. Ó ga jù mí lọ. Ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wá, àmọ́ bó ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì di ìbàdí mú, ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n pè é sí ìyẹ̀wù, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi láàárín àwọn ẹrù yẹn, ó kí mi káàbọ̀, ó pè mí ní ẹ̀yin, kò fi ìyá kún un. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe máa ń jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan òun.

Mo ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tò ó. Ẹyọ kan ló jáde. Mo bi í bóyá yóò bá mi lọ sí Kùmásì, pé yàrá wà, ìsọ̀ wà, pé màá ra òfì tuntun fún un.

Ó wo ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù níbi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí, ó tún wò mí.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti bi màámi?"

Àlùfáà ti dá ẹjọ́ fún mi, ẹrù mi wà nílẹ̀ yí mi ká, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo lè sọ tí ọmọ náà yóò fi dìde bá mi lọ, nítorí mo rí i pé bí mo bá pàṣẹ fún un, yóò gbọ́. Orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó ń dúró.

Mo ní, "Rárá, mi ò tíì bi wọ́n."